Bátìrì, irin méjì àti ike omi aró: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fídíò yẹn gan-an

Ó ti ṣe díẹ̀ tí fídíò kan ti ń lọ láti fóònù dé fóònù nígboro Ìbàdàn. Ẹnì kan bu omi aró sínú ike, omi náà dúdú débi pé èèyàn kò lè rí ìsàlẹ̀ ike. Ó ki irin pẹlẹbẹ méjì bọ̀ ọ́, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ bátìrì mọ́tò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Nígbà tí fídíò máa fi parí, omi ti mọ́ gaara, ẹni náà sì ń gbé ife kan sókè bíi pé ó fẹ́ mu ún. Ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kò lópin: àwọn kan ní ìdán ni, àwọn kan ní oògùn ni wọ́n ti dà sí i kó tó di pé wọ́n tan kámẹ́rà. Ìyá kan tó ń ta kàm̀pálà ní Gbági bi mí pé, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná yẹn ló jó aró náà ni?"

Ìdáhùn kúkúrú nìyí. Ohun tó wà nínú fídíò náà ṣeé ṣe, kò sì sí ìdán níbẹ̀. Iná kò jó aró kankan. Irin yẹn ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, ohun tó ń yọ́ jáde lára rẹ̀ ló sì ń kó aró mọ́ra, tí wọ́n á jọ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Aró náà kò lọ síbì kankan. Ó ti kúrò nínú omi, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Omi tó mọ́ gaara yẹn kò sì ṣeé mu rárá.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni electrocoagulation. Orúkọ ló gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò le: kí a fi iná mànàmáná mú ìdọ̀tí inú omi dì. Kì í sì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Wọ́n ti lò ó fún omi ẹ̀gbin ìlú ní London lọ́dún 1889, ẹnì kan sì ti gba ìwé àṣẹ lé irú rẹ̀ lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1909. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé òun ló ṣàwárí rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹ bá a wá àga kó jókòó.

## Kí ló wà nínú omi aró tí à ń dà nù?

Oríṣi omi méjì ni: èyí tó ṣẹ́ kù nínú agbada lẹ́yìn tí aṣọ ti mu aró tán, àti èyí tí wọ́n fi ṣan aṣọ kí àwọ̀ rẹ̀ má baà máa ṣí. Aró nìkan kọ́ ló wà nínú wọn. Kọ́sítíìkì sódà wà níbẹ̀, háídírosọ́fáìtì, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ nínú omi, wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ṣe, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ha kúrò lára aṣọ máa wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ alábẹ́là, àbẹ́là ni.

Ìdí tí aró fi ń ṣẹ́ kù ni pé aṣọ kì í gba gbogbo rẹ̀ tán. Lára àwọn aró tí wọ́n ń pè ní reactive, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún aṣọ òwú aláwọ̀ mèremère, ó lè jẹ́ ìdajì péré ni aṣọ máa mú. Bó bá gbà á dáadáa, kì í sábà ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Ìyókù, gọ́tà ló ń lọ. Ojú wa sì tètè máa ń rí aró. Gíráàmù kan péré lára àwọn aró mìíràn, bí ẹ bá pò ó mọ́ tánkì omi tó ń gba 1000 lítà, ẹ ṣì máa rí i pé omi náà ti ní àwọ̀.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé aró òyìnbó ló ń ba omi jẹ́, pé ewé ẹ̀lú ti ìyá wa kò ní wàhálà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń rò ó. Aró búlúù tí ewé ẹ̀lú ń mú jáde àti èyí tí ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1897, ohun kan náà gan-an ni. Èyí tó yàtọ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ ń rìn. Omi eérú ni àwọn ìyá wa ń lò pẹ̀lú ẹ̀lú, kọ́sítíìkì àti háídírosọ́fáìtì ló rọ́pò rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, oríṣiríṣi aró mìíràn tí kò bá ẹ̀lú tan rárá ti pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní azo. Àwọn kan nínú ẹ̀yà yìí lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ di ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, ìdí nìyẹn tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi fòfin de irú wọn lára aṣọ lọ́dún 2002.

Ìlú tó ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára àdìrẹ, tó sọ aṣọ náà ní Ìbàdàndùn, kò lè sọ pé òun kò mọ aláró. Ibi tí omi aró ń gbà lọ ni a kì í sábà bi ara wa. Láti gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, ó ń lọ sí Ògùnpa tàbí Kúdẹtì, láti ibẹ̀ ó ń dé Odò Ọnà. (Àwa ará Ìbàdàn, bí Ògùnpa kò bá ya wọlé bó ṣe ṣe lọ́dún 1980, a kì í rántí pé odò ni.) Omi tí aró ti pa láwọ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé dáadáa, àwọn ewé inú omi kò sì lè ṣe oúnjẹ wọn láìsí oòrùn. Ẹja tó gbára lé wọn á fara gbá nínú rẹ̀.

## Kí ló dé tí aró kì í rògún fúnra rẹ̀?

Bí a bá gbé omi ẹrẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú, iyanrìn á ti lọ sísàlẹ̀, apá púpọ̀ nínú ẹrẹ̀ á ti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ omi aró, bí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lẹ máa bá a.

Àwọn aró kan ti yọ́ tán sínú omi, kò sí hóró kankan tó kù tí yóò rì. Àwọn reactive yẹn wà lára wọn. Àwọn mìíràn kò yọ́, àmọ́ hóró wọn kéré débi pé omi ń gbé wọn kiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn méjèèjì ló sì ní iná díẹ̀ lára, irú kan náà: nẹ́gẹ́tíìfù. Ohun méjì tó bá ní irú iná kan náà lára máa ń sá fún ara wọn. Wọ́n dà bí orogún tó ń bínú síra nínú ilé kan ṣoṣo: bí ọ̀kan bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, èkejì á gba iwájú jáde. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò lè sún mọ́ra, wọn kò lè dìpọ̀. Bí wọn kò bá dìpọ̀, wọn kò lè wúwo tó láti rì.

## Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àlọ́ọ̀mù nìyẹn?

Òun gan-an ni. Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń pọn omi kànga mọ àlọ́ọ̀mù. Ẹ ó fi òkúta funfun yẹn ro inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ó fi sílẹ̀, omi á tòrò. Àwọn ilé iṣẹ́ omi ńlá náà ń lo àlọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀.

Alumíníọ̀mù ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí àlọ́ọ̀mù bá ti yọ́, alumíníọ̀mù inú rẹ̀ á ní iná pọ́sítíìfù lára, á lọ bá àwọn hóró onínẹ́gẹ́tíìfù, á sì pa iná ara wọn. Sísá tí wọ́n ń sá fún ara wọn á dópin. Lẹ́yìn náà alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ á bá omi ṣe àdàpọ̀, á di ohun funfun kan tó rọ̀, tó sì ń lẹ̀. Bó ṣe ń rì lọ sísàlẹ̀, gbogbo ohun tó bá pàdé lọ́nà ló ń kó mọ́ra.

Àléébù àlọ́ọ̀mù ni pé alumíníọ̀mù nìkan kọ́ ló ń gbé wọlé. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òkúta yẹn jẹ́ sọ́fétì (irú iyọ̀ kan) àti omi, sọ́fétì náà á sì wà nínú omi yín lẹ́yìn tí aró ti lọ. Ó tún máa ń mú kí omi kan.

## Kí ni iná wá ń ṣe níbẹ̀?

Iná ń jẹ́ kí a rí alumíníọ̀mù, tàbí irin lásán (èyí tó máa ń dípẹtà), gbà tààrà láìra àlọ́ọ̀mù.

Ẹ wo ike inú fídíò náà dáadáa. Irin méjèèjì dojú kọra, àlàfo àárín wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Ọ̀kan wà lára pọ́sítíìfù bátìrì, èkejì wà lára nẹ́gẹ́tíìfù. Èyí tó wà lára pọ́sítíìfù ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ara rẹ̀ ń yọ́ sínú omi, ohun tó ń yọ́ náà sì ní iná pọ́sítíìfù lára, bí ti inú àlọ́ọ̀mù. Lára èyí tó wà ní nẹ́gẹ́tíìfù, omi gan-an ni iná ń tú palẹ̀: afẹ́fẹ́ háídírójìn ń jáde, ohun tó sì ṣẹ́ kù lára omi ni irin tó yọ́ ń lò láti di ohun tó ń lẹ̀ yẹn.

Híhó tí ẹ rí nínú fídíò, háídírójìn nìyẹn. Kì í ṣe pé omi gbóná. Ìhó náà wínníwínní, ó ń tò sára irin nẹ́gẹ́tíìfù, á já, á gòkè. Bó ṣe ń gòkè, ó ń gbé apá kan nínú ohun tó ti dìpọ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí inú ike fi ń pín sí méjì: ìhó aláwọ̀ aró tó nípọn lójú omi, àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Àárín ló ń mọ́. Bó bá jẹ́ irin lásán ni wọ́n lò, ẹ máa rí i pé ohun tó ń dì náà kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé díẹ̀, kó tó wá di àwọ̀ ìpẹtà bí atẹ́gùn bá ti kàn án.

Àkókò ni fídíò kì í fi hàn. Wọ́n gé e níbì kan. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú, ó lè gba wákàtí kan, lẹ́yìn náà a ṣì ní láti pa iná kí a sì fi omi náà sílẹ̀ kó rògún.

## Iná mélòó, irin mélòó?

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ṣeé ṣírò. Láti àwọn ọdún 1830 ni Michael Faraday, ará England, ti fi hàn pé iye iná tó bá kọjá ló ń pinnu iye irin tó máa yọ́. Ámpíà (òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó) kan fún wákàtí kan máa yọ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.34 alumíníọ̀mù. Bó bá jẹ́ irin lásán, ó máa tó gíráàmù 1.04.

Ẹ jẹ́ ká mú kẹ́ẹ̀gì omi aró 20 lítà kan. Bí ámpíà 5 bá gba inú rẹ̀ kọjá fún wákàtí kan, gíráàmù 1.7 alumíníọ̀mù ló máa yọ́ sínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ rí iye alumíníọ̀mù yẹn gbà lára àlọ́ọ̀mù, a máa nílò nǹkan bí 20 sí 30 gíráàmù, ó kù sọ́wọ́ irú àlọ́ọ̀mù tí a bá rà. Bátìrì 12 fóltì tó ń gbé ámpíà 5 jáde, wáàtì 60 nìyẹn. Pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré kan lè gbé e nínú oòrùn ọ̀sán.

Iná DC, èyí tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì, ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Iná NEPA ń yí pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù padà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yípo, ìgbà 50 ló sì ń yípo nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká má tilẹ̀ sọ pé ó lè pa èèyàn. Ṣájà tí àwọn tó ń ṣájì bátìrì lẹ́bàá títì ń lò ló ń sọ iná NEPA di DC.

Bí omi náà bá ti mọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí omi tí a fi ṣan aṣọ lẹ́ẹ̀kẹta, iná kì í ráyè gbà á kọjá dáadáa, wọ́n á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bó bá sì pẹ́, èépá máa ń bo irin, iṣẹ́ á dẹwọ́. Ẹ pa iná, kí ẹ gbé wáyà pọ́sítíìfù sí ibi nẹ́gẹ́tíìfù, irin méjèèjì á jọ máa jẹ, èépá náà á ṣí.

## Kí ló dé tí ẹlòmíràn dán an wò tí kò ṣiṣẹ́?

Kọ́sítíìkì ni ó sábà máa ń fà á. Kò sí ìyá aláró tí kò mọ̀ pé a kì í po kọ́sítíìkì nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, torí ó máa jẹ ìkòkò náà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú omi. Bí kọ́sítíìkì inú omi aró bá pọ̀, alumíníọ̀mù tó yọ́ kò ní dì, yóò kàn máa yọ́ lọ ni. Ibi tí alumíníọ̀mù ti ń dì dáadáa ni ibi tí omi kò ti kan jù, tí kò sì ta jù. Lórí òṣùwọ̀n pH tí wọ́n ń fi bébà wò, ó wà láàárín 6 sí 8. Irin lásán kì í ṣàṣàyàn púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú omi tó ta díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Fún aláró tó ń lo kọ́sítíìkì, irin lásán ni màá mú. Ó tún dín lówó.

Irú aró náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Èyí tí hóró rẹ̀ kò yọ́ tètè ń dì. Èyí tó yọ́ tán, bíi reactive, ń pẹ́, ó sì ń jẹ irin púpọ̀.

## Àwọ̀ ti lọ, kí ló kù?

Iyọ̀ kù. Apá kan nínú àwọn kẹ́míkà tí kò ní àwọ̀ kù. Irin díẹ̀ lè kù pẹ̀lú. Ojú kò rí wọn, ìdí nìyẹn tí ife tí ẹni inú fídíò ń gbé sókè yẹn fi bí mi nínú. A lè fi omi náà ṣan aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, a lè fi fọ ilẹ̀ ibi iṣẹ́. Mímu kọ́, oúnjẹ kọ́, ìwẹ̀ ọmọ kọ́.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ ńlá. Gbogbo aró tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì 20 lítà ti kóra jọ sínú ẹrẹ̀ díẹ̀. Bí a bá da ẹrẹ̀ yẹn sí gọ́tà, a kò ṣe nǹkan kan ju pé a fi irin kún aró kó tó lọ sí Ògùnpa. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ náà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ, ẹ sá a níbi tí òjò kò ti ní gbé e lọ, títí á fi gbẹ tá á sì súnkì. Ẹ má dà á sídìí ẹ̀fọ́, ẹ má sì sun ún. Ẹ dì í sínú àpò lọ́tọ̀, kí ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tó ń kólẹ̀. Òfin tí NESREA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, gbé jáde fún iṣẹ́ aṣọ lọ́dún 2009 kò gbà kí wọ́n da omi ìdọ̀tí sódò láìtọ́jú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni òfin náà kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n odò kò mọ ìyàtọ̀.

## Kí ni ẹ kò gbọ́dọ̀ dán wò?

Ẹ má fi ṣíbí tàbí abọ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì ṣe irin pọ́sítíìfù. Kurómíọ̀mù wà nínú sítéńlẹ́ẹ̀sì, bí iná bá sì ti ń jẹ ẹ́, ó lè jáde ní irú èyí tó ń fa jẹjẹrẹ. Mo ti rí i nínú fídíò méjì, wọ́n sì ń fi yangàn pé ṣíbí náà dára. Ẹ má lo páànù tí wọ́n fi síńkì bò pẹ̀lú, síńkì náà á yọ́ sínú omi.

Háídírójìn tó ń hó jáde ń gbaná kíákíá. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí sìgá àti sítóòfù jìnnà síbẹ̀. Ẹ má ki alumíníọ̀mù bọ inú kọ́sítíìkì tó le, kódà láìsí bátìrì, torí àwọn méjèèjì máa ń hó gidigidi, wọ́n sì ń gbóná. Ẹ pa iná kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi.

## Ṣé ó yẹ kí aláró Ìbàdàn rà á?

Fún ìyá tó ní agbada méjì lẹ́yìnkùlé, èmi kò rí ìdí tó fi máa ra bátìrì torí èyí. Àlọ́ọ̀mù lè ṣe é fún un. Ibi tí aláró mẹ́wàá ti wà lójú kan, tí wọ́n lè jọ ní tánkì kan, irin pẹlẹbẹ mélòó kan àti sólà, ibẹ̀ ni owó náà ti máa lójú.

Kó tó dé orí irin tàbí àlọ́ọ̀mù, ohun kan wà tí àwọn tó ń lo aró búlúù ti ẹ̀lú, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ láti Jámánì, lè ṣe láìná kọ́bọ̀. Aró yìí máa ń yọ́ nínú ìkòkò nígbà tí atẹ́gùn kò bá ráyè kàn án. Ẹ ti rí i lójú ara yín: aṣọ á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kó tó di pé ẹ sá a tán, ó ti di búlúù. Atẹ́gùn ló sọ ọ́ di ohun tí kò lè yọ́ mọ́. Omi tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò náà ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó, ẹ bù ú sókè kí ẹ dà á padà lọ́pọ̀ ìgbà, títí àwọ̀ ewé inú rẹ̀ á fi tán, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú aró náà máa rògún. Omi tó wà lókè lẹ máa gbé lọ síbi irin àti bátìrì, irin tó máa jẹ á sì dín kù. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù tó wà nísàlẹ̀, ẹ má dà á nù: kò tíì sí irin nínú rẹ̀, ó ṣeé dá padà sínú ìkòkò aró tuntun.